Ìbọn Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ardis

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, Verlyn wá kí Ardis, ìyàwó àbúrò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti sin Orrin, ọkọ Ardis, nínú oṣù kọkànlá. Ó bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì, Ardis sì bu kọfí fún un. Oṣù kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Yìnyín ti ń yọ́ létí oko, ọ̀nà tó wá láti ìlú sì ti di ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ni Verlyn náà fi bẹ̀rẹ̀. Olè ti ja ilé mẹ́ta lágbègbè wọn láàárín oṣù kan, ọ̀sán gangan ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí onílé kò sí nílé. Bí èèyàn bá sì pe ọlọ́pàá láti ilé Ardis, ogójì ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ wọn yóò fi rìn kó tó dé, ìyẹn bí ọ̀nà bá dára.

Verlyn wá ti àpótí kékeré kan sí i lórí tábìlì.

"Ìwọ ni mo rà á fún. Ìbọn gígùn Orrin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ti wúwo jù fún ọ. Ẹni tó tà á fún mi ní irú èyí ni àwọn obìnrin ń rà."

Ardis ṣí àpótí náà. Ìbọn ìléwọ́ ni, ó kéré, ó fúyẹ́, wọ́n sì kun ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ohun ìṣeré ọmọdé. Kò wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, ó rí i bí ojú Verlyn ṣe rẹ̀ tó. Orrin nìkan ni àbúrò tó ní láyé. Ọkùnrin náà kò mọ bí a ti ń sọ pé ọkàn òun bàjẹ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa tún nǹkan ṣe. Ó ti tún òrùlé Ardis ṣe, ó ti pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ̀, ó wá ra ìbọn fún un. Ardis dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún bu kọfí sí i.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú ìbọn náà lọ sẹ́yìn àká, ó gbé agolo kan lórí òpó ọgbà, ó sì dúró. Irin tó yẹ kí ìka fà le débi pé ìka kan kò tó o. Ìka méjì ló fi fà á. Nígbà tí ìbọn náà dún, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fi pákó gbá a ní àtẹ́lẹwọ́. Awọ ibi àtàǹpàkò rẹ̀ bó, etí rẹ̀ ń hó, agolo náà sì dúró síbi tó wà. Ardis di ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Verlyn pè é lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún un pé ìbọn náà dára gan-an. Lẹ́yìn náà ló tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, lábẹ́ àwọn áńkáṣíìfù, ó sì pinnu pé òun kò ní yìn ín mọ́ láé.

Ìbọn Orrin ní tirẹ̀ wà níbi tó ti ń wà láti ọjọ́ pípẹ́, ní igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀. Bí gbogbo ilé oko ní ọ̀nà yẹn ṣe ń gbé tiwọn nìyẹn, nítorí àwọn ajáko tó máa ń yọ sí àwọn àgùntàn. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Orrin kú ló gbé e síbẹ̀ kẹ́yìn, ó sì fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan kọ́ ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Ardis bá ń gbálẹ̀, ńṣe ló máa ń gbá a yípo igun yẹn. Kò fọwọ́ kàn án rí.

Ohun tó mú kí ìgbà òtútù yẹn ṣeé fara dà fún un ni Brynn, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Kari, ọmọbìnrin Ardis, máa ń wakọ̀ fún wákàtí méjì láti ìlú ńlá, wọn a sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Láti ọjọ́ Ajé ni Ardis ti máa ń ronú ohun tí òun yóò sè fún wọn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, orí ń fọ́ Kari, ó sì lọ wá oògùn sí yàrá ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó kó pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́ta sórí tábìlì níwájú Ardis: pupa, aró àti òféfèé.

"Màmá, inú kọ́bọ́ọ̀dù yín ni mo ti rí wọn. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn kan."

Kari pe Brynn, ó bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló kó àwọn pẹ́ńsù náà síbẹ̀.

"Èmi ni," ni ọmọ náà wí. "Mo kó wọn síbi tí ohun ìṣeré Mama Àgbà wà."

Kari kò pariwo. Ì bá sàn fún Ardis ká ní ó pariwo. Ó ní kí ọmọ náà lọ wo ológbò níta, ó jókòó, ó sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí ọgbẹ́ wà mú.

"Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀rù ń ba èmi náà nítorí yín. Ṣùgbọ́n títí ẹ ó fi wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè gbé Brynn wá síbí mọ́."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti lọ.

Ọjọ́rú ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń péjọ sí ìyàrá ìsàlẹ̀ láti rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Marlys ló jókòó ti Ardis lọ́jọ́ yẹn. Ọdún méjìlélógún ni Marlys fi ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìbọn yíyìn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ní pápá ìyìnbọn ìlú. Ohùn rẹ̀ ga, ara rẹ̀ kéré. Ó rí i pé Ardis kò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa, ó sì bèèrè ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ardis sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìgbójú sókè, títí dé orí àwọn pẹ́ńsù.

Marlys gbọ́ ọ tán. "Ta ló ra ìbọn náà?"

"Verlyn ni."

"Ta ló máa yìn ín?"

"Èmi ni."

"Ṣé o jẹ́ kí Verlyn máa ra kọ́sẹ́ẹ̀tì fún ọ bákan náà?"

Gbogbo ìdí tábìlì rẹ́rìn-ín. Lavonne, ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ní èyí tí ọkọ òun rà fún òun tóbi débi pé òun ń fi dá ilẹ̀kùn àká adìyẹ dúró ni. Ẹlòmíràn ní tòun ti wà nínú páálí rẹ̀ láti Kérésìmesì èṣí. Ó hàn gbangba pé nínú obìnrin méje tó jókòó níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìbọn tó wà nílé rẹ̀, Marlys sì ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Marlys to ìbọn márùn-ún sórí tábìlì ní pápá ìyìnbọn. Ó fi hàn Ardis pé kò sí ọta nínú ìkankan wọn, ó sì ní kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ wò ó kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní kí ìbọn yòówù kó jẹ́, kí ó máa ṣe sí i bí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Kó má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí kò fẹ́ pa. Kí ìka rẹ̀ má dé ibi ìfà títí yóò fi dá a lójú. Kó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tó ń wò. Ó mú kí Ardis tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ̀rọ̀ ọwọ́. Ardis ti rò pé ìbọn kékeré ló yẹ ọwọ́ kékeré. Marlys ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwúwo ìbọn ló ń gba agbára rẹ̀ mọ́ra nígbà tó bá dún. Èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ọwọ́ ẹni tó yìn ín ló ń gba gbogbo ìyà náà. Ẹnu rẹ̀ tó kúrú tún mú kó ṣòro láti fi wo ọ̀ọ́kán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn dáadáa pàápàá máa ń sá fún un, síbẹ̀ òun ni àwọn èèyàn máa ń rà fún obìnrin tí kò yin ìbọn rí.

"Gbé èyí," ni ó wí.

Ìbọn àárín ni, irin ni gbogbo rẹ̀. Ìka mẹ́ta Ardis gba ìdí rẹ̀ láìsí èyí tó rọ̀ sílẹ̀, ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sì dé ibi ìfà láìjẹ́ pé ó yí ọwọ́ rẹ̀ pa dà. Ohun tó kù ni kó fa orí ìbọn náà sẹ́yìn kí ọta tó lè wọlé. Làkúrègbé ti wà nínú àtàǹpàkò Ardis láti ọdún pípẹ́. Ó fa ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mì. Ó mú ìbọn mìíràn, ó fa tirẹ̀, kò mì.

"Mo ti darúgbó, Marlys."

"Ọdún méjì ni mo fi jù ọ́ lọ. Má fà á. Sún un mọ́ àyà rẹ, di orí rẹ̀ mú ṣinṣin, kí o wá fi ọwọ́ kejì ti ìdí rẹ̀ síwájú."

Ìbọn kẹta, tí wọ́n dìídì ṣe kó rọ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, ṣí wẹ́rẹ́. Ardis tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, nítorí pé ó dùn mọ́ ọn. Wọ́n bo etí, wọ́n fi gíláàsì bo ojú, ó sì yin ogún ọta. Mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ wọ inú àmì tí kò ju àwo oúnjẹ lọ. Marlys ní kó má tíì rà á. Kó pa dà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó yìn ín nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, kó yìn ín nígbà tí ọwọ́ bá ń dùn ún, kó tó pinnu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì Ardis ti ní tirẹ̀, pẹ̀lú àpótí irin kékeré kan tí a ń fi nọ́ńbà ṣí. Marlys wá sílé rẹ̀ láti bá a kan àpótí náà mọ́ ògiri. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó bọ́ bàtà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láìwo ibẹ̀ rárá, ó sì gbé ìbọn Orrin jáde.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó wà níbẹ̀?" ni Ardis bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ibẹ̀ ló máa ń wà ní gbogbo ilé tó wà ní ọ̀nà yìí." Marlys yọ ọta inú rẹ̀ síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Kí ni olè yẹn jí ní ilé mẹ́ta tó wọ̀?"

Ardis ronú. Ní ilé Lavonne, ìbọn ọkọ rẹ̀ ni. Ní ilé àwọn Rudolf, ìbọn méjì. Ní ilé kẹta, ìbọn àti ẹ̀rọ ìgégi kan.

"Ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ oko lágbègbè wa ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun á rí i. Ohun tí o gbé síbẹ̀ láti dáàbò bò ọ́ ni ó ń wá bọ̀, Ardis. Bí o bá sì wọlé bá a, òun ni ìbọn máa kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́."

Ardis wo ìbọ̀wọ́ tó wà lẹ́nu ìbọn náà. Ó ṣì tẹ̀ bí ọwọ́ Orrin ṣe máa ń tẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti gbé e kúrò, àmọ́ bí òun bá gbé e, a jẹ́ pé òun gbà pé Orrin kò ní bọ̀ wá mú un mọ́. Marlys dúró títí Ardis fi yọ ìbọ̀wọ́ náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti ìbọn gígùn náà àti èyí tí Verlyn rà mọ́ inú àpótí irin ńlá kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n sì kó ọta wọn síbòmíràn. Wọ́n wá rin inú ilé náà já. Marlys ní kí Ardis dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kó na ìka síwájú bí ẹni tó fẹ́ yìn. Ó bi í pé kí ló wà lẹ́yìn ògiri tó ń nà sí. Ardis ní ibùsùn Brynn ni. Ògiri náà kò nípọn ju pákó lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé ibùsùn ọmọ náà lọ sí yàrá Ardis, kó lè jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì yóò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà tí a tì, pẹ̀lú fóònù. Marlys ní kò gbọdọ̀ rìn káàkiri ilé láti wá olè. Kó ti ilẹ̀kùn, kó pe ọlọ́pàá, kó sì dúró. Ohun ìkẹyìn ni ìbọn, nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́ láti gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí wọ́n jókòó ti kọfí, Marlys bèèrè ohun kan tí Ardis kò retí.

"Báwo ni ọkàn rẹ láti ìgbà tí Orrin ti lọ? Má dá mi lóhùn bí o ṣe ń dá pásítọ̀ lóhùn."

Ardis fi ọwọ́ nu orí tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ọjọ́ kan wà nínú oṣù kejì tí ayé sú mi," ni ó wí. "Ó ti kọjá."

"Ó lè tún bọ̀. Bí irú ọjọ́ yẹn bá tún dé, pè mí, ní aago yòówù kó jẹ́. N ó wá gbé ìbọn náà lọ sílé mi, a ó jọ jókòó, a ó sì wá dókítà. Nígbà tí ara bá tù ọ́, n ó dá a pa dà. Mo ti bá àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ardis mi orí. Nọ́ńbà Marlys ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọlọ́pàá lára ògiri.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó darí dé láti ibi aṣọ rírán, ó sì rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó yí pa dà, ó wakọ̀ lọ sílé Verlyn, ó sì pe ọlọ́pàá láti ibẹ̀. Verlyn fi aṣọ bò ó léjìká, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ní ká ní ìbọn kékeré tí òun rà fún un wà nínú báàgì rẹ̀ ni, ì bá dára.

Ardis wá sọ òtítọ́ fún un: pé ìbọn náà ti dá òun lọ́gbẹ́, pé ó le fún ìka òun, pé òun kò fẹ́ kó dun Verlyn ni òun kò fi sọ, àti pé Marlys ti bá òun tì í mọ́ inú àpótí ìsàlẹ̀ ilé.

"Mo gbìyànjú láti fà á ní ṣọ́ọ̀bù," ni Verlyn wí. "Kò ṣeé fà. Mo rò pé ọwọ́ tèmi ló ti darúgbó."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Verlyn, kò sì nù ún kíákíá.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wọ ilé náà, wọn kò bá ẹnì kankan. Ojú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kan wà nílẹ̀. Ó wọlé tààrà, ó yà sí igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró, ó sì yí pa dà jáde. Olè náà kò mú nǹkan kan.

Kari wá lọ́jọ́ kejì, òun nìkan. Ardis kò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọmọ wá. Ó ní kó wo ilé náà bó bá ṣe wù ú. Kari ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa àpótí irin náà, kò mì, ó gbìyànjú láti ṣí i, kò ṣí. Ó wo ibùsùn Brynn tí wọ́n gbé sí yàrá Ardis. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo igun tó ṣófo àti ẹrẹ̀ tó gbẹ síbẹ̀.

"Ká ní ẹ kò gbé e kúrò," ni ó wí, "ọwọ́ ta ni ìbọn Bàbá ì bá wà lónìí?"

Kari mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Aago mẹ́fà àárọ̀ ni Brynn ń jí báyìí, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn. Ẹ lọ sùn dáadáa lónìí. A ó dé lọ́la."

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, pàápàá ẹ̀yin tí ikú ti fi ilé sílẹ̀ fún láti dá gbé, kò sẹ́ni tó lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹ̀rù ń bà yín. Bí òfin ibi tí ẹ ń gbé bá gbà yín láyè láti ní ìbọn, tí ẹ sì ti pinnu láti ní in, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn yàn án fún yín, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ni, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín dán an wò, kí ẹ sì yìn ín dáadáa kí ẹ tó rà á. Èyí tí ẹ lè dì mú, tí ẹ lè ṣí, tí ẹ sì lè darí nígbà tó bá rẹ̀ yín ló yẹ yín, kì í ṣe èyí tó kéré jù tàbí èyí tó lẹ́wà jù. Ẹ máa pa dà lọ kọ́ ọ, nítorí ọwọ́ máa ń gbàgbé.

Ẹ má fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ má fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má sì rò pé ọmọdé kò mọ ibi tó wà. Ẹ tì í. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá rí ìbọn níbikíbi, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì lọ sọ fún àgbàlagbà. Bí ẹ bá dé ilé tí ẹ rí i pé olè ti já wọlé, ẹ má wọlé. Bí ìbànújẹ́ bá sì wúwo lọ́kàn yín débi pé ilẹ̀ kò fẹ́ mọ́ mọ́, ẹ gbé ìbọn náà fún ẹni tí ẹ fọkàn tán, ẹ sì sọ fún dókítà.

Kí ẹ tó bèèrè pé ìbọn wo ló dára, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ọwọ́ ta ló lè dé ibi tó wà.